Alùpùpù Àlòkù Wo Ló Yẹ Òṣìṣẹ́?



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa, ó sì tó ohun tí gbogbo wa gbọ́dọ̀ jọ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni ti alùpùpù àlòkù, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní máṣíìnì. Àwọn kan ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti ra tòkunbọ̀ tí yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, tí yóò sì máa gbé e ròde ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn ní owó tí a bá fi ra àlòkù, inú kànga ni a jù ú sí. Láàárín àwọn méjèèjì ni àwọn ọ̀dọ́ wa kan wà tí ojú wọn kò kúrò lára alùpùpù ńlá ti Amẹ́ríkà, èyí tí ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ga, tí ó ń dún bí ààrá, tí aráyé ń pè ní pówà báìkì.

Èrò tiwa nìyí, a kò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Kò sí ohun tó burú nínú àlòkù. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa yáni lówó rà á, ṣùgbọ́n kí ó ní ìlànà. Kí ẹni tí yóò rà á ra èyí tí owó oṣù rẹ̀ lè bọ́, tí mẹkáníìkì àdúgbò rẹ̀ lè tú, tí ohun èlò rẹ̀ sì wà ní ìgboro Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. Èyí tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó dára lójú tó, ẹrù ni, kì í ṣe ọkọ̀.

BÍ A ṢE DÉ IBI TÍ A DÉ

Kì í ṣe òní ni òṣìṣẹ́ ti ń gun alùpùpù. Láyé àwọn bàbá wa, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba àbá ìgbìmọ̀ Udoji wọlé ní ìparí ọdún 1974, tí owó àjẹsílẹ̀ sì tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọdún 1975, ọ̀pọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gun Honda, Suzuki tàbí Yamaha. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ bá ara rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, nítorí ibẹ̀ ni ilé tí owó rẹ̀ ká wà.

Lẹ́yìn ètò SAP ti ọdún 1986, nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀, alùpùpù tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́ di iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ ní ọ̀kadà, láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Títí di òní, ẹni tó bá dé iwájú Ọjà Ọba ní òwúrọ̀ kùtù yóò rí ohun tí a ń wí. Aláte ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ọmọ iléèwé ń gòkè, òṣìṣẹ́ ń ná owó ọkọ̀ bí ẹni ń ná ẹran.

Ṣùgbọ́n nǹkan yí padà ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Pẹtiróòlù tí a ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà ní lítà kan fò kọjá 500 náírà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Lóòótọ́, owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà ti ọdún 2019, ó di 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024. Àmọ́ gbogbo wa la mọ èyí tó yára jù nínú owó oṣù àti owó ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń wọ ọkọ̀ méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, ó ti mọ̀ pé kí oṣù tó dé ìdajì ni àpò ti ń jò. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ alùpùpù kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́.

ẸWÀ NÌKAN KỌ́ NI KÁ FI RA MÁṢÍÌNÌ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pówà báìkì. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ràn ohun tó dára. Àwọn bíi Harley-Davidson, Honda Shadow, Yamaha Virago àti Suzuki Intruder, ọ̀nà Amẹ́ríkà ni a rò mọ́ wọn nígbà tí a ń ṣe wọn: ọ̀nà gbọọrọ, títì tí ó tẹ́jú, ilé epo lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá jókòó lé wọn na ẹsẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì balẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbé e wá sí Àkúrẹ́ kí ẹ wò ó.

Lọ́nà kìíní, epo. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń rin 20 kìlómítà lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ 22 lóṣù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 440 kìlómítà. Alùpùpù kékeré tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 100 tàbí 125, bí ara rẹ̀ bá dá, yóò rin kìlómítà bíi 44 lórí lítà kan, tí ó jẹ́ lítà 10 lóṣù. Èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 750 yóò rin bíi 20, tí ó jẹ́ lítà 22. Bí a bá fi 1,000 náírà ṣírò lítà kan, ti kékeré jẹ́ 10,000 náírà, ti ńlá jẹ́ 22,000. Ẹni tó ń gba 70,000 náírà tí ó sì ń da 22,000 sínú táńkì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ bọ́ máṣíìnì kí ó tó ra gààrí.

Lọ́nà kejì, ìwúwo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ńlá yìí lé ní 200 kìlógíráàmù, bí ìlọ́po méjì Honda CG125. Bí òjò bá rọ̀ tí ẹrẹ̀ pupa bo ọ̀nà ilé rẹ, tí ó sì ṣubú, ta ni yóò bá ọ gbé e? Ikùn rẹ̀ tún sún mọ́ ilẹ̀. Kòtò ojú títì wa àti òkìtì tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró níwájú iléèwé yóò máa fá a nínú.

Lọ́nà kẹta, ohun èlò. Táyà ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ wọn fẹ̀, ó sì jẹ́ 15 ínńṣì. Ẹ lọ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ fọkanáísà tó wà ní ìyànà yín. Bí kò bá sí, títì Èkó ni ẹ ó dojú kọ, máṣíìnì yóò sì wà ní ìdúró. Ọjọ́ tí máṣíìnì bá fi wà ní ìdúró, owó ọkọ̀ ni ẹ ó tún máa san.

Bí ọkàn ẹnìkan bá wá fà mọ́ ìrísí yẹn gan-an, a kò ní kó má rà. Kí ó wá èyí tí ó ní ìrísí náà ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kéré. Yamaha Virago wà ní 125 àti 250, Honda Rebel wà ní 125 àti 250, Suzuki Intruder náà ní 125, àwọn ará Íńdíà sì ń ṣe Bajaj Avenger. Ìjókòó wọn lọ sílẹ̀, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò ga àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rí ẹni tí yóò máa ta ohun èlò fún un kí ó tó san kọ́bọ̀.

ÈYÍ TÓ YẸ WÁ JÙ

Bí ẹ bá bi wá, ẹ́ńjìnì 100 sí 150 ni a ó ní kí ẹ rà. Nínú àwọn ọdún 1970 ni Honda gbé CG125 jáde. Kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n rán ẹnjiníà lọ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo alùpùpù ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa. Wọ́n rí i pé ẹrù ń pọ̀ lórí rẹ̀, pé eruku ń bo ṣéènì, pé ọ́ìlì kì í tètè rí ìyípadà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bo ṣéènì rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní ṣéènì nínú tí ó lè dẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà wo àwòkọ́ ẹ́ńjìnì yẹn, nítorí náà ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n. Bajaj Boxer àti TVS láti Íńdíà náà ti di ọmọ ilé nílẹ̀ wa. Kò sí mẹkáníìkì tí kò tíì tú wọn rí.

Jincheng àti Suzuki AX100 ńkọ́? Wọ́n lágbára, wọ́n sì rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n irú ẹ́ńjìnì tí ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ pẹtiróòlù ni wọ́n. Owó ọ́ìlì yẹn gbọ́dọ̀ wọnú ìṣirò, bákan náà ni èéfín tí àwọn ọmọ wa ń fà símú.

Àlòkù tún pín sí ọ̀nà méjì. Tòkunbọ̀ wà, àlòkù ilé náà wà. Ẹ má ṣe rò pé tòkunbọ̀ ló máa ń dára jù. Àlòkù tí òṣìṣẹ́ bíi tiwa lò lọ síbi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tí a mọ ilé rẹ̀, tí a mọ mẹkáníìkì rẹ̀, ó sàn ju tòkunbọ̀ tí a kò mọ ohun tó lé e wá láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti fi ọdún mẹ́ta gbé èrò láti òwúrọ̀ di alẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ẹ fò ó.

OHUN TÍ A Ó YẸ̀ WÒ KÍ OWÓ TÓ JÁDE

1. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ, kí ilẹ̀ sì gbẹ. Ẹ má ṣe ra máṣíìnì ní alẹ́, ẹ má sì rà á nínú òjò. Omi a máa bo ojú jíjò ọ́ìlì.

2. Kí ẹ tó gbọ́ àlàyé, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti ta á kí ẹ tó dé. Ẹ ní kí ó tutù, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ta á fúnra yín. Èyí tí ó bá ṣòro í ta ní tútù ni yóò mú yín pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀.

3. Ẹ wo èéfín. Aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì, àyàfi ti Jincheng àti AX100 tí ó máa ń rú èéfín láti ilẹ̀ wá. Dúdú túmọ̀ sí pé epo ń pọ̀ jù. Èyí àkọ́kọ́ lè mú yín dé ìdí títú ẹ́ńjìnì, èkejì lè má ju kí a fọ kábúrétọ̀ lọ.

4. Ẹ wo nọ́ńbà ara férémù ní ọrùn máṣíìnì, kí ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà, ẹ má jiyàn, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá ra ẹrù olè, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni yóò fi bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

5. Ẹ wo férémù bóyá wọ́n ti jó o ní wẹ́dà. Ẹ dúró lẹ́yìn kí ẹnìkan gùn ún níwájú yín, kí ẹ wò bóyá táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn wà lójú ìlà kan náà. Èyí tí ó bá ń rìn bí akàn ti ní ìjàǹbá rí.

6. Ẹ wo eyín ibi tí ṣéènì ń kọ́. Bí ó bá ti mú ṣóńṣó tí ó sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ ó ra tuntun, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ fẹ́ san.

7. Táyà a máa purọ́. Ó lè dúdú kí ó sì ní eyín, kí ó jẹ́ pé ó ti gbó. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2312, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2012 ni. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ lójú ọ̀nà Oǹdó, ẹ má fi ẹ̀mí yín dán an wò.

8. Ẹ ṣí táńkì kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Ìpẹtà inú táńkì yóò máa dí kábúrétọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì gba nọ́ńbà kìlómítà gbọ́, ó rọrùn láti yí i padà.

9. Ẹ gba rìsíìtì àti ìwé gbogbo, kí orúkọ yín sì wọ inú ìwé ìní láìjáfara. Láìsẹ́nsì, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìṣùúránsì kì í ṣe ohun tí à ń rà nígbà tí ọlọ́pàá bá dá wa dúró tán.

Ohun mẹ́sàn-án yìí kò gba wákàtí kan. Ẹni tó ń tà tí kò bá lè fún yín ní wákàtí kan, ó mọ ohun tó ń sá fún.

ỌJỌ́ ÌSINMI

Òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹrú. Ó tọ́ kí ó ṣeré lọ sí Ìdànrè ní Sátidé, ibi tí kò tó 30 kìlómítà sí Àkúrẹ́, kí ó wo òkè ńlá ibẹ̀. Ó tọ́ kí ó lọ kí àwọn ará ilé ní Oǹdó, bí 50 kìlómítà, kí ó gba Apọnmú àti Ọ̀wẹnà kọjá. Máṣíìnì 125 tí ara rẹ̀ dá yóò ṣe é láìmí gúlegúle. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má ṣe pa ẹ́ńjìnì nítorí pé ẹ fẹ́ ṣọ́ epo. Ẹ fi í sí jíà kékeré kí ẹ́ńjìnì bá yín dá a dúró, nítorí bírékì nìkan a máa gbóná kí ó sì kọ̀.

Ẹni méjì ni máṣíìnì ń gbé. Bàbá níwájú, ìyá lẹ́yìn, ọmọ kan láàárín, òmíràn lórí táńkì, a kò ní pe ìyẹn ní ìfẹ́ ẹbí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ akoto. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mú ọlọ́kadà lórí akoto ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn kan fi igbá dé orí, gbogbo ayé sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò pẹ́ níbi tí orí bá ti gbá títì. Àwọn tó yẹ ìwádìí oríṣiríṣi wò pa pọ̀ ti fi hàn pé akoto gidi ń dín ikú ẹni tó ní ìjàǹbá alùpùpù kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Méjì ni kí ẹ rà, kì í ṣe ọ̀kan. Orí ìyàwó kì í ṣe òkúta.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa: àbá mẹ́rin ni a ní. Kí owó máa lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni tó ń tà, lẹ́yìn tí a bá ti rí ìwé. Kí a yan ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí mẹkáníìkì kan wà nínú wọn, tí yóò máa bá ẹni tó fẹ́ rà á lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí owó akoto méjì àti ti ìṣùúránsì wà nínú ìyáwó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí owó tí a ó máa yọ lóṣù má sì ju ohun tí òṣìṣẹ́ ń ná lórí ọkọ̀ èrò tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń sọ pé àlòkù ń jẹ owó ẹgbẹ́ kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò yẹ̀ ẹ́ wò ló ń jẹ owó náà. Bí a bá sì kọ̀ láti yáni, àwọn tí ń gbé máṣíìnì tuntun fúnni láti máa san owó rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní kọ̀. Ẹ bi ẹni tó ti sanwó lọ́dọ̀ wọn tán, kí ó sọ iye tó rà á gan-an fún yín.

Sí àwọn agbanisíṣẹ́: ẹ má ṣe rò pé nítorí òṣìṣẹ́ ti ra alùpùpù, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti parí. Ẹni tó kúrò nídìí ẹ̀rọ ní agogo 10 alẹ́, tí ojú rẹ̀ ti ń pa dé, kò yẹ kí ó máa dá gun máṣíìnì kọjá nínú òkùnkùn. Bọ́ọ̀sì fún ṣíìfù alẹ́ ni ẹ̀tọ́ tí a ó máa bèèrè, a kò sì ní fi alùpùpù pààrọ̀ rẹ̀.

Sí ẹ̀yin ará wa: ẹni tó bá ti ṣe ṣíìfù wákàtí 8 tàbí 12, kí ó má ṣe tún fi máṣíìnì gbé èrò di ọ̀gànjọ́ nítorí kí ó lè tètè san gbèsè. A mọ̀ pé nǹkan le. Oorun kò mọ̀ pé nǹkan le.

Ẹ bá wa yẹ àbá yìí wò kí ìpàdé ẹ̀ka tó dé. Ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀, kí ó dìde níbẹ̀ kí ó sọ ọ́, a ó gbọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní bàjẹ́ o.